Mísíè Plán àti Oko Ẹ̀pà Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹ má bínú sí mi bí ẹ bá bá ẹ̀rín pàdé nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Bàbá mi àgbà kú, mo sunkún títí ojú mi fi wú, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá mú bírò láti kọ̀wé nípa rẹ̀, ẹ̀rín ni ó ń pa mí. Ara mi ò gbà á kí n máa fajú ro nítorí ọkùnrin tó ń fi egungun ẹja ya ọ̀nà sórí tábìlì oúnjẹ. Àràbà ti wó lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú àràbà tó jẹ́ fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kún mi lẹ́nu!

Kòmlá ni wọ́n sọ ọ́ nítorí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n Mísíè Plán ni gbogbo Atakpamé ń pè é. Ó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú tí a ń pè ní mẹ́rì. Ohun tí wọ́n ń sanwó oṣù fún un lé lórí ni pé kí ó lọ wo ilẹ̀ tí kò tíì sí ilé lórí rẹ̀, kí ó ya á sórí ìwé tí à ń pè ní plán, kí ó sọ ibi tí ilé yóò wà, ibi tí ọ̀nà yóò gbà, ibi tí ilé ìwé yóò dúró sí, àti ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ nǹkan kan sí. Ó ṣe é títí ó fi fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ó tún ń ṣe é, láìgba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ yìí kan náà ló sì fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ lórí òkú rẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí fẹ́ sin ín sí ibì kan, òun sì ti sọ fún mi kó tó kú pé ibẹ̀ gan-an ni kí a má sin òun sí. Èmi nìkan ló sọ fún. Èmi ọmọ-ọmọ, obìnrin, olùkọ́ ọmọ kéékèèké ní Glei, ni mo ní láti dìde sọ ọ́ lójú àwọn àgbà ilé. Mà á débẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìrìn rẹ̀ ná. Bàbá àgbà kì í rìn bí ènìyàn. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, yóò dúró, yóò wo òkè, yóò wo ìsàlẹ̀, yóò fi orí bàtà họ ilẹ̀ wò, kó tó tún gbé mẹ́wàá mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ tètè kúrò nílé. Ìlú wa wà láàárín òkè, ó sì máa ń sọ pé ẹni tó bá ń gbé láàárín òkè tó jẹ́ pé iwájú nìkan ló ń wò, àgbàrá ni yóò bá a délé.

Ní ọdún kan, èmi àti ẹ̀ ń bọ̀ láti Glei nínú táksí. Ọkọ̀ ènìyàn márùn-ún ni, àwa méje la wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú agbọ̀n tòmátì lórí ẹsẹ̀ mi. Bàbá àgbà ṣàdédé kígbe, "Ṣọ́fà, dúró!" Awakọ̀ rò pé ìtọ̀ ló gbọ̀n ọ́n. Rárá o! Ọkùnrin kan ló rí lẹ́bàá títì tó ń mọ ògiri yí ilẹ̀ rẹ̀ ká. Bàbá àgbà bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ àti táì rẹ̀, ó lọ bá ọkùnrin tí kò mọ̀ rí náà, ó kí i kú iṣẹ́, ó ní, "Jọ̀ọ́, ibo ni omi ń gbà níbí?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ó ní, "Omi wo, Papa? Ẹ̀ẹ̀rùn la wà."

"Mo mọ̀. Ti oṣù keje ni mò ń béèrè."

Obìnrin tó ni tòmátì bú u. Awakọ̀ fun fèrè títí. Bàbá àgbà ò gbọ́, òun àti ọkùnrin náà ti jọ wọ inú igbó lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń tọ ipa àgbàrá ọdún tó kọjá. Nígbà tí wọ́n jáde, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń yọ búlọ́ọ̀kù mẹ́rin kúrò nínú ògiri rẹ̀. Awakọ̀ bi Bàbá àgbà bóyá ìbátan rẹ̀ ni. Ó ní, "Rárá. Ṣùgbọ́n omi kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwa ló yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

Mò ń kọjá níwájú ògiri yẹn ní gbogbo ọjọ́ Ajé tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Àlàfo náà ṣì wà níbẹ̀, ewúrẹ́ kan ni wọ́n máa ń so sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Inú mi máa ń dùn bí ẹni pé ọba ló kọ́ ọ!

Nílé pàápàá, a ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó mọ á, bí, dí, mo ti mọ̀ pé lórí plán, àwọ̀ òféèfé ni ti ilé, àwọ̀ ewé ni ti ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, àwọ̀ aró ni ti omi. Ìyá mi àgbà, kó tó di olóògbé, fẹ́ gbé ààrò rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé wá sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Ṣé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn? Bàbá àgbà ní kó dúró ná, kí òun lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé kejì. Ìyá àgbà ju ọwọ́ sókè, ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é, ó ní, "Bàbá Àmá, iná ìdáná ni mo fẹ́ dá o, kì í ṣe ìlú ni mo fẹ́ tẹ̀ dó." Bàbá àgbà ti wọ bàtà tán. Ó ti ẹnu ọ̀nà dáhùn pé, "Èéfín ò mọ ààlà."

Nítorí irú nǹkan báyìí, àwọn kan pè é ní aláṣejù, àwọn kan sì pè é ní agbàbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kò gba ẹ̀bùn rí. Ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n gbé wá sílé lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwé, àwọn ọmọ tí kò mọ ẹni tó pa á sì jẹ ẹ́. Ó lè bínú o! Bí ó bá bínú, kì í pariwo, ńṣe ni yóò máa gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù rẹ̀. A máa ń ka iye pẹ́ńsùlù tó bá gbẹ́ láti mọ bí ìbínú náà ṣe pọ̀ tó.

Ìtàn kan wà tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Tirẹ̀ ni, òun ló sì jẹ̀bi níbẹ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n rán an lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Akparé láti ya ọ̀nà tuntun. Ó débẹ̀, ó rí pẹ̀rẹ̀gún mẹ́sàn-án tó tò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ààlà ni pẹ̀rẹ̀gún: bí ẹ bá rí i lóko, ilẹ̀ ẹnì kan ti parí, ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Inú ọmọkùnrin dùn. Bí ọ̀nà bá gba orí ààlà, ìdílé méjèèjì ni yóò yọ̀ǹda díẹ̀díẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò sunkún ju ẹnì kejì lọ. Ó fa ìlà rẹ̀ gbọọrọ, ó fi ọ̀dà pupa sára àwọn pẹ̀rẹ̀gún náà, ó padà sílé, ó sùn dáadáa.

Ọjọ́ tí katapílà dé, àwọn ìyá arúgbó abúlé náà ti jókòó sílẹ̀ yí àwọn pẹ̀rẹ̀gún ká. Kì í ṣe ààlà. Ọmọ mẹ́sàn-án ni àìsàn kan kó lọ ní abúlé náà nígbà kan, pẹ̀rẹ̀gún kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n gbìn sórí ibojì kọ̀ọ̀kan. Bàbá àgbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n dákẹ́ nígbà tí òun ń kun ọ̀dà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ní, "Ọmọ Ifẹ̀ ni ọ́ bíi tiwa. A rò pé o mọ̀." Wọ́n tẹ ọ̀nà náà yí ibẹ̀ ká, ó sì tẹ̀ títí dòní, zẹ́mì, ọlọ́kadà ọ̀dọ̀ wa, tó bá fi alùpùpù sáré níbẹ̀ yóò gbọ́n. Bàbá àgbà a sì wá wo ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ náà, a ní, "Àjèjì ì bá béèrè. Èmi tí mo rò pé mo mọ̀, èmi ni mi ò béèrè."

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n wá dé ìdí ọ̀rọ̀. Ìdílé wa ní ilẹ̀ kan ní ẹsẹ̀ òkè. Nígbà tí ilé àwọn ará ìlú ń sún mọ́ ọn, àwọn àgbà fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n gé e sí ilẹ̀ ilé, kí olúkúlùkù gba tirẹ̀. Òfin sì sọ pé ìdílé tó bá gé ilẹ̀ báyìí gbọ́dọ̀ yọ apá kan sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Rẹsẹ́fù la ń pè é. Ta ni yóò ya plán náà? Kòmlá tiwa ni! Gbogbo ilé fi ọwọ́ ra ọwọ́. Bàbá Kọ́sí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wà nígbà náà, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rẹsẹ́fù yẹn sí ọ̀dọ̀ àwọn tí a jọ pààlà. Wọn ò ní ènìyàn ní mẹ́rì."

Bàbá àgbà fi gbogbo àkókò òjò ọdún yẹn rìn ilẹ̀ náà. Ó rìn ín nínú òjò, agboòrùn lọ́wọ́ kan, ìwé lọ́wọ́ kejì. Nígbà tó gbé plán jáde, rẹsẹ́fù wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ tiwa, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ mẹ́ta ti pàdé, níbi tí àgbàrá òkè ti ń tẹ́jú tí ilẹ̀ sì ń mu ún. Ibẹ̀ ni oko ẹ̀pà Dáà Áfí.

Dáà ni a ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin. Dáà Áfí ni àkọ́bí bàbá wọn. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Dáà ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó padà sílé, bàbá rẹ̀ sì fún un ní ilẹ̀ yẹn kó máa fi gbọ́ bùkátà. Ẹ̀pà ló gbìn. Ẹ̀pà náà ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, òun náà ló sì fi rán àbúrò rẹ̀ Kòmlá lọ sílé ìwé, títí dé Lomé níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ bí a ti ń ya ilẹ̀ sórí ìwé. Ṣé ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ́?

Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, wà nílé lọ́jọ́ tí Dáà Áfí gbọ́. Ó ní Dáà dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò gba àga.

"Kòmlá," ó ní, "ẹ̀pà mi ló ra ìwé fún ọ. Ìwé yẹn lo wá fi gba oko ẹ̀pà mi."

Bàbá àgbà ti wà nílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Dáà, mo wá ibòmíràn, mi ò rí. Bí ọ̀bẹ mi bá fo tiwa, ta ni yóò tún jẹ́ kí n gé tòun?"

"Má fi ẹnu rẹ sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn sí mi létí mọ́. Láéláé."

Ó ní, "Mo gbọ́, Dáà."

Ó sì gbọ́ lóòótọ́! Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn. Wọ́n fún Dáà Áfí ní ilẹ̀ ilé méjì àti oko mìíràn lójú ọ̀nà Akparé, ó gbà á láìdúpẹ́. Ó ní òun ò ní mu omi nínú ife Kòmlá mọ́, síbẹ̀ kò yé wá sílé wa. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, yóò dé, yóò jókòó, yóò sì yọ ife tirẹ̀ jáde nínú báàgì! Àwa ọmọdé a máa bu omi sí i, a ò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Òun àti Bàbá àgbà a sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ àlùfáà tó ń wàásù jù, a sọ̀rọ̀ ọmọ tó gbéyàwó ní Anié. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ sí ọ̀nà ilẹ̀ yẹn, Bàbá àgbà a fò ó bí ẹni fo ọ̀gọ̀dọ̀. "Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní ibì kan lánàá," bẹ́ẹ̀ ni yóò wí. Dáà a ní, "Ẹn-ẹ́n." Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí pápá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ fi jẹ́ "ibì kan" nínú yàrá wa.

Nígbà tí mo dàgbà, mo bi í pé kí ló dé tí kò fi bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó jẹ́ kó ṣàlàyé, kó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní kó wulẹ̀ mú un lọ síbẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i: ilé ìwé ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ìyá ń sá ẹ̀gẹ́ lórí àpáta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí òjò bá rọ̀, omi a tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀, nígbà tó bá di ọ̀sán ọjọ́ kejì ilẹ̀ ti mu ún, kò wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ó mi orí. Ó ní, "Mo ti gba oko lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n má sọ ọ́, mi ò ní tún gba àṣẹ yẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀."

Àwọn tó sì fẹ́ gba pápá yẹn pọ̀. Olówó kan fẹ́ kọ́ ilé epo síbẹ̀. Ìjọ kan fẹ́ ẹ fún tẹ́mpìlì. Gbogbo ìgbà tí Bàbá àgbà bá gbọ́, yóò so táì rẹ̀, yóò lọ sí mẹ́rì, ó ti fẹ̀yìn tì o, yóò kọ lẹ́tà, yóò dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi lu òǹtẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni pápá náà ṣe wà.

Nínú ìsinmi ọmọ ilé ìwé tó kọjá, ara rẹ̀ ò le mọ́. Ó pè mí jókòó tì í lábẹ́ igi máńgòrò, ó ní, "Wọ́n á fẹ́ sin mí sí ibì kan." Ẹ jọ̀ọ́, àwa méjì péré la wà níbẹ̀, ibì kan náà ló ṣì ń pè é! Ó ní, "Má gbà. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí sàréè bàbá bá wà, ilẹ̀ ìdílé ni. Bí wọ́n bá sin mí síbẹ̀ lónìí, lọ́la wọ́n á kọ́lé yí mi ká, pápá ti lọ nìyẹn. Ẹ gbé mi lọ sí itẹ́ òkú ìlú. Àyè tó bá kàn ni kí wọ́n fún mi, ẹ má bá mi wá ibi tó dáa." Mo ní àwọn àgbà ò ní gbọ́ tèmi. Ó ní, "Bá wọn sọ ọ́ bí wọn ò tilẹ̀ ní gbọ́."

Ó kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan. Ara ò tíì tutù tán tí Bàbá Kọ́sí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wí. Mi ò fẹ́ kí ẹ kórìíra rẹ̀ o. Ó sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju gbogbo wa lọ, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò ní ibi tí wọ́n á kọ́lé sí kún ilé rẹ̀ fọ́fọ́. Ó ní, "Sàréè ni ìwé tí kì í ya. Ẹ jẹ́ kí a sin ẹ̀gbọ́n mi sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kí a rí i bóyá mẹ́rì lè hú u." Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ibi tí a ó sin òkú sí, àkọ́bí bàbá ló ń sọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, ìyẹn Dáà Áfí. Ohun tó bá sọ níbi ìpàdé ìdílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni a ó ṣe, kò sí àfikún, kò sí àyọkúrò. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: obìnrin tí wọ́n gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, sàréè yìí yóò sì dá oko náà padà fún ìdílé. Kí lẹ rò pé yóò sọ?

Oorun ò kùn mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbéra lọ sí mẹ́rì kí n lọ gba ẹ̀dà plán náà, kí n má baà dìde lọ́wọ́ òfo. Ìwé ilẹ̀ ilé tirẹ̀ nìkan ni olúkúlùkù wa gbà, plán gbogbo ilẹ̀ náà, ọ̀dọ̀ wọn ló wà. Ọmọbìnrin kan tó gbé gíláàsì lé orí irun ló dá mi lóhùn. Mo ṣàlàyé fún un pé ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè ni, èyí tó ní rẹsẹ́fù láàárín.

Ó ní, "Háà, Oko Áfí!"

Mo ní, "Kí lẹ wí?"

"Oko Áfí. Orúkọ ibẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló wà lórí plán, bẹ́ẹ̀ la bá a." Ó fa dúrọ́ọ̀ jáde, ó tẹ́ ìwé ńlá náà sórí tábìlì. "Gbogbo lẹ́tà tí Mísíè Plán kọ nípa rẹ̀ nìyí. Ti onílé epo: a ò lè kọ́ nǹkan sí Oko Áfí. Ti ìjọ yẹn: Oko Áfí kì í ṣe títà. Àwa tí a dé lẹ́yìn rò pé orúkọ òkè kan ni."

Mo wo ìwé náà. Nínú àwọ̀ ewé, ní àárín gbùngbùn, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà tó nàró bí ọmọ ológun, ọwọ́ Bàbá àgbà ni, ó kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, òǹtẹ̀ mẹ́rì sì wà lábẹ́ rẹ̀: OKO ÁFÍ. Mo figbe ta! Àwọn tó wá gba ìwé ọjọ́ ìbí yíjú sí mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ́fíìsì ìjọba, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi. Fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, gbogbo mẹ́rì ló ń pe orúkọ rẹ̀, àwọn olówó ń ka orúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà. Áfí nìkan ni kò mọ̀. Kò mọ ìwé kà, ẹni tó lè sọ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló ti pa á lẹ́nu mọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àgbàlá kún. Bàbá Kọ́sí sọ tirẹ̀, ó sọ ọ́ dáadáa, àwọn ènìyàn mi orí. Mo dìde. Mo jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi: itẹ́ òkú ìlú, àyè tó bá kàn. Mo kúnlẹ̀ níwájú Dáà Áfí, mo sì tẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n ṣe fún mi ní mẹ́rì sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Plán tí Bàbá àgbà yà ni, Dáà. Ti ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè."

"Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́ ọ."

"Òun lẹ ní kó má sọ ọ́, Dáà. Ẹ ò sọ pé kí èmi má sọ ọ́."

Ẹnì kan ṣe "hẹ̀n!" lẹ́yìn mi. Dáà wò mí, mo rò pé yóò gbá mi létí. Kò gbá mi. Mo mú ìka rẹ̀, ọkọ́ ti jẹ ẹ́ títí ó fi le bí èèpo igi, mo gbé e lé orí ìwé. Mo ní, "Òkè rèé. Ilé yín rèé. Ọ̀nà mẹ́ta yẹn rèé."

"Èyí tó ní àwọ̀ ewé ńkọ́?"

"Oko yín ni."

"Ó ti di ti ìjọba."

"Wọ́n kọ nǹkan sí i, Dáà."

"Kí ni wọ́n kọ?"

"Oko Áfí."

Dáà ní, "Áfí wo?"

Mo ní, "Áfí mìíràn dá oko níbẹ̀ rí ni?"

"Ta ló kọ ọ́?"

"Òun ni. Láti ọjọ́ tó ti yà á. Gbogbo wọn ní mẹ́rì, orúkọ tí wọ́n mọ ibẹ̀ sí nìyẹn, títí di àná."

Bàbá Kọ́sí wú ikọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ ò yí nǹkan kan padà, bí a bá ṣáà ti sin ín síbẹ̀..." Dáà gbé ọwọ́ sókè dá a dúró. Ó ní kí n tún gbé ìka òun lé orúkọ náà. Mo gbé e lé e. Ó fà á lọ lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, láti òsì dé ọ̀tún, ó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó tún un ṣe. Omi ojú rẹ̀ ń bọ́ sórí ìwé, kò nù ún. "Kòmlá," ó ní. "Kòmlá ọmọ bàbá mi."

Lẹ́yìn náà, ó ká plán náà fúnra rẹ̀, ó fi há abíyá, ó na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo gbogbo wa.

"Kọ́sí, o ti gbọ́," ó ní. "Oko mi ni. Ẹ má sin òkú kankan síbẹ̀."